Ọkọ̀ Dúdú àti Kẹ̀kẹ́ Ọmọ

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń wẹ ọmọ mi ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Manigri, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí àwọn ìyá àgbà ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn ìwẹ̀, ó sì dákẹ́ lójijì. Obìnrin tí kì í dákẹ́ ni. Ó tún wọn nà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá pè mí pé kí n wá wò ó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrú díẹ̀ ju ti òsì lọ, àwọn ìlà itan rẹ̀ kò sì bára dọ́gba. Ọmọbìnrin ni, àkọ́bí mi. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ bí ti ń dìde dúró nígbà náà, òun ṣì ń wọ́ ìdí nílẹ̀.

Láyé ìgbà náà, tí àwọn Faransé ṣì ń ṣàkóso Dahomey, dókítà eegun kì í gbé lápá ọ̀dọ̀ wa. Òyìnbó kan ni ó máa ń gòkè wá láti etí òkun sí ilé ìwòsàn Djougou lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá sì ti lọ, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò tún dé. Ó wo ọmọ mi, ó ní eegun itan rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò ní ojúhò rẹ̀ ní ìbàdí. Ó dá a padà, ó sì fi plátírì funfun, tó máa ń gan bí òkúta tó bá ti gbẹ, dì í láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì yà gbàgàdà bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ọkọ mi fi ń kó iṣu ni a bá padà. Mo gbé ọmọ lé itan níwájú ọkọ̀, ọ̀nà ń gbọ̀n wá jìgìjìgì, kí a sì tó dé Bassila, mo gbọ́ tí plátírì náà dún kẹ́rẹ́ lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó ti sán.

Nígbà tí a gbé e padà, dókítà náà bínú débi pé ojú rẹ̀ pọ́n. Nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ fún wa kò fẹ́ sọ gbogbo ohun tó wí, àmọ́ ọkọ mi ti ṣe sójà, ó gbọ́ Faransé dáadáa, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Dókítà ní òun yóò tún un dì lẹ́ẹ̀kan péré sí i. Tí ìyẹn náà bá sán, kò sí ohun tí òun tún lè ṣe, ọmọ náà yóò máa tiro títí ayé. Ó fún wa ní ràndefú, ọjọ́ tí a máa gbé ọmọ wá, nígbà tó máa tún padà wá. Ó ní a kò gbọdọ̀ pọ̀n ọ́n, a kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e, a óò sì dúró ní Djougou títí plátírì yóò fi gbẹ, tí a óò máa gbé e wá síwájú nọ́ọ̀sì láràárọ̀ lórí nǹkan tó ní kẹ̀kẹ́ tó sì tẹ́jú, nítorí ilé ìwòsàn náà kò ní ibùsùn ọmọdé. Tí a bá dé láìní nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, òun kò ní fọwọ́ kàn án.

Mo sunkún láti Djougou dé ilé. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ọmọbìnrin tó ń tiro. Ọ̀kan wà ní àdúgbò wa nígbà èwe mi, àwọn ọmọdé máa ń to tẹ̀lé e lójú ọ̀nà odò, wọ́n á máa sín ìrìn rẹ̀ jẹ, omi á sì máa dà sílẹ̀ lórí rẹ̀. N kò fẹ́ irú rẹ̀ fún ọmọ mi rárá.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni Ọlọ́run kọ́kọ́ bá wa yanjú. Ní Bassila, mo máa ń ta iṣu àti ẹyin fún ìyàwó òyìnbó tó ń bójú tó igbó ìjọba. Ó rí ọmọ mi nínú plátírì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì fà mí lọ sí ìta yàrá rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí kẹ̀kẹ́ ọmọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ó dúdú, ó ga, inú rẹ̀ jìn, ó tẹ́jú bíi bẹ́ẹ̀dì, ó ní ìbòrí aṣọ tó ṣeé ká sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mẹ́rin sì tóbi. Ọmọ tirẹ̀ ń sùn nínú rẹ̀. Obìnrin náà ní àwọn máa tó padà sí ìlú wọn, òun yóò sì fún mi ní kẹ̀kẹ́ náà ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá gbéra, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ òun ń sùn títí di ìgbà náà. Ọjọ́ tó dá fún mi gan-an ni ọjọ́ ràndefú wa. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, ojú ń tì í.

Ó wá ku ọkọ̀. Kí n má purọ́, ó ti pẹ́ tí ọkọ mi ti ń fẹ́ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Iṣẹ́ sójà ló ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, òwò iṣu sì ti gbè é, àmọ́ ìyá rẹ̀ máa ń bi í léèrè ibi tó fẹ́ máa gbé e lọ. Àìsàn ọmọ wá fún un ní èsì. Ọkọ̀ méjì ló wà fún títà ní Bassila lákòókò yẹn. Ọ̀kan jẹ́ ọkọ̀ dúdú ti oníṣòwò kan, ó ń dán, ẹ̀yìn rẹ̀ rí rogodo, ìdérí ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí ní ọwọ́ irin funfun kan tó ń kọ mànà. Ìkejì jẹ́ ọkọ̀ aláwọ̀ eérú gbọọrọ kan tó ní ilẹ̀kùn méjì lẹ́yìn. Ewúrẹ́ ni wọ́n ti fi ń kó, òórùn rẹ̀ sì ń kí ènìyàn kí ènìyàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Èmi fẹ́ eléwúrẹ́. Mo ní kẹ̀kẹ́ ni a fẹ́ kó, kì í ṣe ẹwà. Ọkọ mi ní òun kò lè kó ìdílé òun sínú ilé ẹran, pé kí ni àwọn ará Manigri máa wí. Mo bi í bóyá àwọn ará Manigri ni dókítà fún ní ràndefú. A bá ara wa jà lórí ọ̀rọ̀ yìí débi pé a kì í kí ara wa láàárọ̀. Mo máa ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, màá sì yí ẹ̀yìn padà. Ìyá rẹ̀ ń wò wá bí ẹni ń wo eré.

Ohun tó parí ìjà náà ni iṣu. Ẹni tí kò bá gbé Manigri lè má mọ̀ pé iṣu ni a fi ń wọn gbogbo nǹkan tó bá ní inú. Tí ènìyàn bá kọ́ yàrá tuntun, wọn á bi í pé ẹrù orí mélòó ló lè gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀ akẹ́rù, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àká, ọkọ̀ ojú omi tí a kò tilẹ̀ rí rí, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ti dé etí òkun. Ẹrù orí kan ni iye iṣu tí obìnrin tó lágbára lè rù dé ọjà láìsọ̀. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn lórí rẹ̀.

Oníṣòwò náà gbé ọkọ̀ dúdú wá sí Manigri kí ọkọ mi lè dán an wò. Àwọn àgbẹ̀ ti kó iṣu dé láti Doguè ní àárọ̀ yẹn, ó wà ní òkìtì níwájú ilé wa. Ọkọ mi dúró láàárín èrò, ó sì kọjú sí mi.

"Ìyá ọmọ, kẹ̀kẹ́ òyìnbó tẹ́ ẹ rí yẹn, báwo ló ṣe tó?"

Mo di ojú mi. Mo rántí inú kẹ̀kẹ́ náà, mo fi iṣu kún un lọ́kàn mi, mo tò ó dáadáa. Mo ní, "Kò lè ju ẹrù orí kan àbọ̀ lọ."

"Ẹ gbọ́ o! Ẹrù orí kan àbọ̀."

Ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to iṣu sí i bí àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn ṣe ń tò ó, àwọn gígùn nísàlẹ̀, àwọn kúkúrú sí igun, àwọn wẹ́wẹ́ sí àárín wọn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà gba ẹrù orí kan, ó gba òmíràn, ó tún gba òmíràn. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Èmi fúnra mi na ọrùn wò ó, ẹnu yà mí. Nígbà tí iṣu tó wọlé ti ju ìlọ́po méjì ohun tí mo pè lọ dáadáa, ọkọ mi bo ìdérí náà, ó sì wò mí. Mo lọ gbé oúnjẹ rẹ̀ wá, mo sì kí i.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi òróró nu ìdérí ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ara ọkọ̀ tó kù lọ. Kó tó lọ kírun Jímọ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń wo fìlà rẹ̀ bóyá ó gún. Ìyá rẹ̀ ní ọkọ òun kò wo òun tó báyìí rí nígbà tí òun jẹ́ ìyàwó tuntun.

Ọjọ́ ràndefú pé. A kúrò ní Manigri ní ìdájí, kí oòrùn má bàa le jù fún ọmọ. Ìyá ọkọ mi jókòó síwájú pẹ̀lú ìkòkò ìdáná rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn, ọmọ nà gbalaja lórí ibùsùn òwú tó gba gbogbo ìjókòó náà, mo fi ìdí kan há sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ti ránṣẹ́ sí wa pé dókítà máa kúrò ní Djougou ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an. Gbogbo kòtò tí a bá kó sí ni mo ń gbàdúrà.

Nígbà tí a dé ilé òyìnbó ní Bassila, wọ́n ti di ẹrù wọn tán sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún. Obìnrin náà gbé ọmọ rẹ̀ jáde nínú kẹ̀kẹ́, ó fi ọwọ́ nu ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì tì í sọ́dọ̀ mi. Ọkọ mi ṣí ìdérí. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà sókè, ó tẹ̀ síwájú, ó sì dúró.

Kò wọlé.

Ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Kò wọlé. Ó fi ẹ̀gbẹ́ gbé e, ó fi ìdí síwájú, ó ká ìbòrí rẹ̀ sẹ́yìn, ó tún ṣí i padà. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò gbà, tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá gbà, ara rẹ̀ kò ní gbà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bá a dì í mú, èmi tì, òun fà. Inú ọkọ̀ náà ṣófo lójú wa, ó fẹ̀ bíi yàrá, ẹnu rẹ̀ ni kò tóbi. Iṣu kọ̀ọ̀kan là ń kì bọ ẹnu yẹn ní Manigri, gbogbo èrò tó hó lọ́jọ́ náà, àgbẹ̀ àti oníṣòwò, kò sẹ́nì kan tó wo ẹnu. Inú nìkan la wò. Obìnrin òyìnbó náà sọ nǹkan ní Faransé pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.

"Kí ni madámù wí?" ni mo béèrè.

"Ó ní kò lè wọlé."

"Ìyẹn náà la ń wò yìí!"

Ara ọkọ mi ti ń gbóná. "Ẹ̀yin lẹ ní ẹrù orí kan àbọ̀!"

"Ẹrù orí kan àbọ̀ náà ni! Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ tò ó bí iṣu, á wọlé!"

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú ọkọ̀. Oòrùn ti yọ tán. Ọkọ mi ní kí a gbé e sórí òrùlé ọkọ̀. A fi okùn tí a fi ń di iṣu fà á gba ojú fèrèsé, a so ó pinpin, ó sì wa ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ. A kò tíì dé ọjà Bassila tí òrùlé rogodo náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ju kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan níwájú fèrèsé mi, ó ń yí lófo, mo sì figbe ta. Ó tẹ bíréèkì. Mo na ọwọ́ méjèèjì jáde, mo di kẹ̀kẹ́ náà mú kó tó já bọ́. Ká ní ó já bọ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wọ́.

A yí padà síwájú ilé òyìnbó. Ọkọ̀ wọn ti lọ, gáàdì igbó kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi ń yí ọkọ̀ rẹ̀ ká. Ó ní bóyá kí a lọ wá ẹni tó ra ọkọ̀ eléwúrẹ́. Mo ní ta ló mọ oko tó wà, pé ọ̀sán ni dókítà ń lọ. Ó ní kí a máa lọ láìní kẹ̀kẹ́, ká lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní èmi kò ní lọ bẹ ẹnì kankan, ẹni tó ti ní òun kò ní fọwọ́ kan ọmọ mi! Mo ń sunkún, mo sì ń bínú, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ìyá ọkọ mi kò tíì sọ̀ kalẹ̀ láti ìgbà tí a ti dé. Ó yọ orí lójú fèrèsé.

"Ta ní ń ṣàìsàn níbẹ̀ yẹn, ọmọ ni àbí mọ́tò?"

Kò pariwo. Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni ń béèrè omi. Ọkọ mi wò ó, ó wo ọmọ, ó wá wo ìdérí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ tó nà sókè, tó ń dán nínú oòrùn. Lẹ́yìn náà ó fa irin gígùn tí wọ́n fi ń tú táyà yọ nínú ọkọ̀. Ó ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ ibi tí ìdérí náà ti so mọ́ ara ọkọ̀, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Irin náà ké. Ọ̀dà dúdú ń bó jábọ́. Apá kan já, ó bọ́ sí apá kejì, òógùn ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ sójà tí n kò gbọdọ̀ kọ síbí. Nígbà tí ìdérí náà já, ó gbé e lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ, ó sì fi í ti ògiri, ó ní kí gáàdì bá òun tọ́jú rẹ̀. Kò tún wẹ̀yìn wò ó mọ́.

Kẹ̀kẹ́ náà wọlé, ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìdajì rẹ̀ yọ síta. A fi okùn iṣu so ó. Láti Bassila dé Djougou ni mo ń bojú wẹ̀yìn, eruku pupa ń wọlé, ó bo irun wa, ó bo ojú ọmọ, mo sì ń fi ìdí aṣọ mi nù ún. Lẹ́ẹ̀mejì la dúró tún okùn so. Ìyá ọkọ mi nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ fún ọmọ pé a ti fẹ́ dé, a ti fẹ́ dé, nígbà tí a kò tíì fẹ́ dé.

Nígbà tí a wọ ọgbà ilé ìwòsàn, dókítà náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, àpò rẹ̀ ti wọ inú ọkọ̀. Ó rí ọkọ̀ tó ya ẹnu sílẹ̀, ó rí àwa mẹ́rin tí a pọ́n bí ilẹ̀. Ó rìn wá. Ó fi ọwọ́ tẹ inú kẹ̀kẹ́ náà láti mọ̀ bóyá ó tẹ́jú. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó sì pe nọ́ọ̀sì.

Plátírì yẹn kò sán. A lo kẹ̀kẹ́ náà káàkiri Djougou, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé wa, n kò sì bínú sí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ mi lọ gbé ìdérí rẹ̀ wá láti Bassila, ó fi í ti ògiri lábẹ́ ìgbátí ilé. Ó ní òun yóò tún un so tí a bá lọ sí Djougou tán lẹ́ẹ̀kan sí i. A lọ, a bọ̀, a tún lọ. Àwọn ará Manigri sọ ọkọ̀ náà ní Ayanu. Tí òjò bá rọ̀, a óò gbọ́n omi ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni gbọ́n kànga. Ọkọ mi á ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ tiwọn dà?

Nígbà tí dókítà wá yọ plátírì náà pátápátá, ẹsẹ̀ ọmọ mi tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀. Ìyá ọkọ mi nà wọ́n pọ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, wọ́n dọ́gba. Àmọ́ ọmọ kò dìde. Dókítà ní kí a má fi ipá mú un, pé òun fúnra rẹ̀ ló máa dìde. Oṣù kan kọjá, ó tún ń wọ́ ìdí. Ẹ̀rù tún bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo máa ń bá a ṣeré lẹ́bàá ilé, màá na ọwọ́ sí i, yóò rẹ́rìn-ín, kò sì ní gbéra.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọkọ mi dé láti mọ́sálásí, ó ní sùúrù ti tán lọ́wọ́ òun, òjò ti fẹ́ jẹ ọkọ̀ òun tán, òní ni òun máa so ìdérí yẹn. Ó lọ mú òòlù. Ìgbà tó jáde padà, ọmọ wà níwájú ìdérí náà. Ó ti wọ́ débẹ̀, ó ń wo àwòrán ara rẹ̀ nínú dídán rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ kejì. Ó na ọwọ́ sókè, ó di irin funfun náà mú, ó sì fa ara rẹ̀ dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ kan lé ojú ọmọ inú ìdérí, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé tòsì, ó rìn láti etí ìdérí kan dé èkejì. Kò tiro.

Mo ti fẹ́ sáré, ìyá ọkọ mi di aṣọ mi mú. Ó ní kí n jẹ́ kó rìn ín.

Ìgbà tí ó rẹ ọmọ tó sì jókòó, ọkọ mi rìn dé ibẹ̀, ó gbé ìdérí náà sókè. Ọmọ pariwo ẹkún, ó na ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ lé e. Ọkọ mi dúró pẹ̀lú ìdérí ọkọ̀ rẹ̀ láyà, òòlù lábẹ́ abíyá, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó dá a padà sídìí ògiri, ó sì fi òòlù náà kan èèkàn méjì mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, kó má bàa yọ̀ nígbà tí ọmọ bá tún dì í mú.